Mọ́tò tí wọ́n sin bí òkú sínú yanrìn etíkun: Lẹ́yìn ọdún 42 ni wọ́n hú u, ló bá jẹ́rìí lórí ikú ọ̀gá rẹ̀

Bí ènìyàn bá kú, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn géńdé ọkùnrin mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n tì í sínú rẹ̀ tòun ti ẹ́ńjìnì àti gíà, kí wọ́n sì fi yanrìn bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sin òkú, ìyẹn kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1927, ní abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pendine, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Wales, lórílẹ̀-èdè Bìrìtéènì. Babs ni orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n sin náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi orúkọ yìí ké ọmọbìnrin tó bá ń jẹ́ Barbara, èyí tó fi hàn pé ẹni tó ni ọkọ̀ náà kò fi ṣe ẹrù lásán, ó kà á kún ènìyàn. Ọkùnrin náà ni John Godfrey Parry-Thomas. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà gan-an ló kú sínú Babs, níbi tó ti ń sáré lórí yanrìn etíkun Pendine. Ọmọ ọdún 42 ni.

Ọ̀rọ̀ tó tàn kálẹ̀ nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ títí di òní, ni pé ṣéènì ọkọ̀ náà ló já, tó fò sókè bí ẹgba, tó sì ṣá ọ̀gá rẹ̀ lórí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń sin Babs, ojú apànìyàn ni wọ́n fi wò ó. Wọn kò tú u palẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọn kò gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kankan. Inú yanrìn ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì pa ojú ilẹ̀ dé lé e lórí. Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Ọdún 42 ni ẹnìkejì nínú ẹjọ́ yìí fi wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, kí òun náà tó ro tẹnu rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé iye ọdún tí Thomas lò láyé gan-an ni iye ọdún tí Babs lò nínú kòtò.

Kí ìtàn náà tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a mọ irú àwọn ènìyàn tó ń fi ọkọ̀ sáré nígbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ọkọ̀ sáré ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ lójú títì, láti 1903 títí di 1930. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó lè sá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó wá ibòmíràn tí yóò ti sá a. Ìdí nìyí tí ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Locke King fi fi owó ara rẹ̀ la pápá eré ọkọ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Weybridge, nítòsí ìlú London, tí wọ́n sì ṣí i ní 1907. Brooklands ni wọ́n ń pè é. Òun ni pápá àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n dìídì kọ́ nítorí eré ọkọ̀. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì gbé etí rẹ̀ ga sókè bí ògiri níbi tó bá ti yí kọrọ, kí ọkọ̀ tó bá ń fò bọ̀ má baà já sínú igbó. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá síbẹ̀ ṣe ń sáré. Ọmọ olówó ni ọ̀pọ̀ wọn, olóyè, ọ̀gágun tó ti togun dé, tí wọ́n ń ná owó ara wọn lórí ọkọ̀ bí àwọn mìíràn ṣe ń ná an lórí ẹṣin.

Ọ̀kan nínú wọn ni Count Louis Zborowski. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Babs ti kọ́kọ́ jáde. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé Astor, àwọn ọlọ́rọ̀ ńlá Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ pẹ̀lú fẹ́ràn eré ọkọ̀ débi pé inú rẹ̀ ló kú sí ní 1903, nígbà tí wọ́n ń díje gun òkè La Turbie ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Louis nígbà náà. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún 16, ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ti kú ní 1911, gbogbo ọrọ̀ sì di tirẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti sá fún ohun tó pa bàbá rẹ̀. Louis kò sá. Ní ilé ńlá rẹ̀ tó ń jẹ́ Higham, nítòsí ìlú Canterbury, ó kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnì bàálù ogun sínú ọkọ̀ ilẹ̀. Ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1918 ni, ẹ́ńjìnì bàálù tí kò níṣẹ́ mọ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Chitty Bang Bang ni wọ́n sọ àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Ian Fleming, ẹni tó kọ ìtàn James Bond, ló mú orúkọ yẹn lò fún ìwé ọmọdé tó jáde ní 1964.

Ọkọ̀ tí Zborowski ṣe gbẹ̀yìn ló tóbi jù. Higham Special ló pè é. Ẹ́ńjìnì bàálù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Liberty ló wà nínú rẹ̀, sìlíńdà 12, lítà 27. Àwọn tó bá mọ Pijó 504, ọkọ̀ tí kò sí títì tí kò tọ̀ ní Nàìjíríà rí, yóò mọ̀ pé èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju lítà méjì lọ. Ẹ wá fojú inú wo ẹ́ńjìnì Pijó 13 nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sí ju ìjókòó bíńtín lọ fún ènìyàn nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi sáré ní Brooklands, kò sí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó tún dé ibẹ̀.

Zborowski kò jẹ ayé ọkọ̀ náà dé ibì kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1924, ó ń wa Mercedes nínú ìdíje kan ní Monza, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ni ọkọ̀ náà bá yà kúrò lọ́nà, ó sì lọ kọ lu igi. Ọmọ ọdún 29 ni. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn abàmì a máa sọ pé bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù tí bàbá rẹ̀ wọ̀ kú ni ọmọ náà tún wọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, bó bá sì jẹ́ àhesọ, ikú kan náà ló pa bàbá àti ọmọ.

Bí wọ́n ṣe ń ta ẹrù olóògbé, ni Parry-Thomas bá ra Higham Special ní pọ́n-ùn 125. Kì í ṣe ọmọ olówó bíi ti Zborowski. Ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, Wrexham ní ilẹ̀ Wales ni wọ́n sì bí i sí ní 1884. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kọ́, ó sì di ọ̀gá àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Leyland, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ará Ìbàdàn nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀ ni òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Reid Railton ti ṣe ọkọ̀ aláfẹ́ kan tí wọ́n pè ní Leyland Eight ní 1920. Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọjà gbà lọ, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi í sílẹ̀. Thomas kò fi í sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí Brooklands, inú ọgbà pápá náà gan-an ló sì ń gbé, tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tó ń fi í sáré. Súwẹ́tà aláràbarà tó máa ń wọ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ lókèèrè. Kò ní ìyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ sì ni ẹbí rẹ̀.

Ó gba ọkọ̀ olóògbé náà, ó tún un ṣe, ó fi kabirétọ̀ mẹ́rin sí i, ó ṣe pístìnì tuntun fún un láti inú orí ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Babs. Ohun kan wà tí kò yí padà. Nínú ọkọ̀ tí a mọ̀ lónìí, irin ni ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ṣéènì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú Babs, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, àfi pé ó nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Láti ara ọkọ̀ Benz àtijọ́ kan, èyí tí àwọn Jámánì ti ṣe kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti mú gíà àti ìlànà ṣéènì náà. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni ṣéènì méjèèjì ń gbà kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí Thomas ń lé ni àkọsílẹ̀ eré tó yá jù lọ tí ènìyàn sá lórí ilẹ̀ láyé. Òfin rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò sáré lọ, yóò sì sáré bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, kí atẹ́gùn tó ràn án lọ́wọ́ ní àlọ lè dojú kọ ọ́ ní àbọ̀. Ìdajì àpapọ̀ méjèèjì ni wọn yóò kọ sílẹ̀. Kò sí pápá kan ní Bìrìtéènì tó gùn tó fún irú eré bẹ́ẹ̀. Brooklands kò tó o. Etíkun Pendine ló tó o, nítorí yanrìn rẹ̀ tẹ́jú, ó sì gùn tó máìlì méje. Bí omi òkun bá fà sẹ́yìn, yanrìn á le koko bí ilẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wákàtí díẹ̀ ni ènìyàn ní, òkun á sì gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1926, Henry Segrave ti sá máìlì 152 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni Thomas gbé Babs dé Pendine. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ó sá máìlì 169.30. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kejì, ó tún jáde, ó sì sá 171.02, èyí tó lé ní kìlómítà 275 ní wákàtí kan. Ẹ rántí pé ọkọ̀ tí wọ́n rà ní pọ́n-ùn 125 ni. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi máìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19 lé orí ohun tí ẹnikẹ́ni ti sá rí. Kò sí bí ènìyàn ṣe fẹ́ wo ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n Malcolm Campbell kò sùn. Ọkùnrin yìí ti gba àkọsílẹ̀ náà ní Pendine lẹ́ẹ̀mejì rí, ní 1924 àti 1925. Ó wá ṣe ọkọ̀ tuntun tó pè ní Blue Bird, tó jẹ́ pé nítorí eré yìí nìkan ni wọ́n ṣe bí i sáyé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1927, ó gbé e dé Pendine, ó sì sá máìlì 174 àti díẹ̀. Kò ju máìlì mẹ́ta lọ tó fi borí Thomas. Ó dájú pé bó bá jẹ́ máìlì 30 ni, Thomas ì bá jókòó ro ó wò, ì bá ṣe ọkọ̀ mìíràn. Máìlì mẹ́ta ni, Babs sì lè sá a. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Thomas fi padà sí etíkun.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹta náà. Wọ́n tan Babs, ó ké, ó sì gbéra. Wọ́n ní eré rẹ̀ ti ń lọ sí máìlì 170 nígbà tó yà bàrá lójijì. Ó gbókìtì, ó fi ẹ̀yìn wọ́ lọ lórí yanrìn, ó tún dìde sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró. Nígbà tí àwọn tó ń wò ó sáré dé ibẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọgbẹ́ orí tí wọ́n bá lára Thomas kò ṣeé wò. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn kọ sílẹ̀ pé ó kú sídìí wíwa àkọsílẹ̀ eré orí ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí i pé ṣéènì apá ọ̀tún kò sí níbi tó yẹ kó wà mọ́, tí wọ́n sì wo ọgbẹ́ náà, kíá ni wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ènìyàn tó ń sunkún kì í ṣe ẹni tó ń wádìí. Lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ti jókòó gbọ́ ọ̀ràn ikú náà tán, wọ́n gbé òkú Thomas lọ sí Byfleet, abúlé tó wà nítòsí Brooklands, wọ́n sì sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Mary níbẹ̀. Babs ní tirẹ̀, ibi tó ti pa á ni wọ́n sin ín sí, láàárín òkìtì yanrìn Pendine. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn tún wà á. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń fi nǹkan báyìí ṣe ìran wò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni, orúkọ Ògún ni wọn ìbá kọ́kọ́ dá, wọn ìbá sì wá ajá lọ sójú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kan irin náà. Àwọn ọ̀rẹ́ Thomas kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n mú.

Ohun tó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni èyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta kan náà, ọjọ́ 26 péré lẹ́yìn ikú Thomas, Segrave gbé ọkọ̀ Sunbeam kan dé etíkun Daytona ní Amẹ́ríkà, ó sì sá máìlì 203.79. Bí Thomas bá tilẹ̀ gba àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ Campbell lọ́jọ́ náà, bí kò bá kú, bí ó bá fi ayọ̀ padà sílé, kò ní lò ó tó oṣù kan. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún Babs ṣe tí yóò fi sá 203.

Láti ìgbà náà, wọn kò tún gba àkọsílẹ̀ eré ayé ní Pendine mọ́. Yanrìn ibẹ̀ kò gùn tó fún eré tí ayé ń sá mọ́. Ní 1933, Amy Johnson, obìnrin awakọ̀ òfuurufú tí gbogbo ayé mọ̀, àti ọkọ rẹ̀ gbé bàálù wọn gbéra níbẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, àwọn ológun gba apá kan etíkun náà, wọ́n sì ń dán ìbọn àti àdó olóró wò níbẹ̀. Ibi tí Babs sùn sí bọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Ní Brooklands pẹ̀lú, eré parí ní 1939. Reid Railton, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá Thomas ṣe Leyland Eight, ti di àgbà nínú iṣẹ́ náà. Òun ló ya àwòrán ọkọ̀ tí John Cobb fi sá máìlì 394 ní 1947. Ayé ti lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n sin Babs ti di bàbá ọmọ, ọkọ̀ náà sì wà nínú ilẹ̀, ó di ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ fún ọmọdé létíkun pé, "Ibẹ̀ yẹn ni."

Owen Wyn Owen ni ẹni tí kò jẹ́ kó wà níbẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bangor, ní àríwá Wales, abúlé Capel Curig láàárín àwọn òkè ló sì ń gbé. Ọmọ Wales bíi ti Thomas ni, ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ dé góńgó sì ni. Kò lè kàn gbé ṣọ́bìrì lọ gbẹ́ ilẹ̀ ológun. Ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun, ó sì ní láti gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ẹbí olóògbé. Bí ènìyàn bá ronú sí i, ohun tó tọ́ náà nìyẹn. Ọkọ̀ lásán kọ́ ni wọ́n fẹ́ hú. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí àwọn tó sin ín kò fi ṣeré, ẹkún ni wọ́n fi sin ín. Wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó wá hú u lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n hú u náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kò sí òkú nínú kòtò Pendine. Iṣẹ́ ọwọ́ Thomas ló wà níbẹ̀, pístìnì tó fi orí ara rẹ̀ rò, ọkọ̀ tó fi borí gbogbo ayé fún oṣù mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Iyọ̀ òkun sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀ fún ogójì ọdún mìíràn, kò ní ku ohun tí ẹnikẹ́ni yóò hú.

Wọ́n gbà fún Owen, wọ́n sì hú Babs ní 1969. Ohun tó jáde kì í ṣe ọkọ̀ tó ṣeé gbé ṣe fọ́rífọ́rí. Iyọ̀ ti jẹ páànù ara rẹ̀, ìpẹtà ti bo gbogbo irin. Ṣùgbọ́n egungun abẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàsì, ṣì wà. Àwọn irin ńláńlá tó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tíì di erùpẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ àtijọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dójú ọ̀rọ̀, nítorí láti 1927, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò lè fara balẹ̀ wo ọkọ̀ náà láìsí omijé lójú.

Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n tún gbé ohun tí wọ́n rí ka iwájú àwọn ìròyìn ọjọ́ ìjàǹbá náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìtàn ṣéènì. Bí ṣéènì bá ló kọ́kọ́ já, tó sì pa awakọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ tó yà, a jẹ́ pé ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ mọ́ ló yí gbiri. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wíìlì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n fura sí pé ó kọ́kọ́ yẹ̀, tí ọkọ̀ fi yà, tó fi gbókìtì. Bí ṣéènì bá já, ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ ń yí ló já, tó jẹ́ àbájáde ìjàǹbá, tí kì í ṣe ohun tó fà á. Ọgbẹ́ orí náà sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ dojú délẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí òrùlé lórí Babs, orí Thomas ló yọ jù níta.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Babs kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí kò sí ẹni tó pa irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ènìyàn kàn sọ ohun tí ojú wọn rò pé òun rí lọ́jọ́ tí ọkàn wọn dàrú. Àwọn mìíràn ṣì wà tó di ti ṣéènì mú títí dòní, nítorí ìtàn ẹgba irin tó ṣá ènìyàn lórí dùn-ún sọ ju ìtàn wíìlì lọ. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì, kò sì kéré. Bó bá jẹ́ ṣéènì ló pa Thomas, a jẹ́ pé ó fojú ara rẹ̀ rí ewu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì jókòó tì í. Òun tó jẹ́ ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ kò sì yí i padà. Ẹ̀bi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ wíìlì ló yẹ̀, ìjàǹbá tó lè ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni, Campbell àti Segrave pẹ̀lú. Ọdún 42 ni wọ́n fi ka ẹ̀bi àkọ́kọ́ yẹn sí ọkùnrin tí kò lè fọhùn mọ́ lọ́rùn, ẹ̀rí tó lè gbà á sílẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ níbi tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ gbé e sí.

Owen gbé Babs lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan bí ọdún 15 ló lò lórí rẹ̀. Ohun tó bá ṣeé fọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ohun tó ti jẹrà, ó rọ òmíràn bí ti àtijọ́, tàbí kó wá a láti ibòmíràn. Nítorí èyí, àwọn aláwìíìgbọ́ kan lè béèrè pé ṣé Babs náà ni Babs yìí. Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò tíì jẹ́ ti ẹnìkan rí látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, gíà rẹ̀ láti Jámánì. Zborowski ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Thomas tún un ṣe, Owen sì wá di ọ̀gá kẹta. Ikú ló gbà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ikú kan náà ló gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì. Olùkọ́ ará Capel Curig yìí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò pa á, tó sì tún tẹ̀yìn rẹ̀ tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó dún.

Lónìí, etíkun Pendine tún ni Babs máa ń wà lásìkò tí wọ́n bá gbé e wá fún aráyé wò, nínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn ohun ìrántí eré ọkọ̀ pamọ́ sí. Wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́ ní 1996, wọ́n sì kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023. Nígbà mìíràn, wọn a gbé e lọ sí Brooklands, níbi tí Thomas ti ń gbé, tí kò jìnnà sí Byfleet tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ iléèwé a máa yí i po, wọn a máa fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnu èéfín rẹ̀, wọn a sì máa bi olùkọ́ wọn léèrè ibi tí ṣéènì gbà kọjá.